Ọ̀rọ̀ Dídùn Tí Mo Fi Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Káyọ̀dé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi kó tó kú. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì rọrùn fún irú wa láti fi nǹkan pamọ́, torí kò sẹ́ni tó ń retí pé a máa sọ ohunkóhun.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ báyìí ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ìlú Oǹdó, ẹnu mi tún sọ ọ̀rọ̀ tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dópin. Mi ò ní kí ẹ dá mi láre. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe gan-an, àti ìdí tó fi rọrùn fún mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti yí orúkọ gbogbo wa padà.

Ilé búrẹ́dì kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ni alábòójútó níbi tí a ti ń po ìyẹ̀fun. Màmá Bọ́lá ni alábòójútó ní ìdí ààrò. Ọmọ Oǹdó ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí po. Tí búrẹ́dì rẹ bá jóná, ó máa gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i, ó máa ní, "Ta ló bí eléyìí? Kó wá gbé ọmọ ẹ̀ o." Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ni búrẹ́dì á máa wá ibi tó máa gbójú sí.

Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sọ pé tí àwọn bá máa ṣẹ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Tóyìn. Èmi ni Bàbá Tóyìn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ.

Mo mọ ibi tí mo ti kó ìwà náà. Oko kòkó ni bàbá mi ń ṣe lápá Bọ́lọ́rundúró, mi ò sì tètè lọ sílé ìwé. Irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi nígbà tí mo wà ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké. Lọ́jọ́ kan, tíṣà ní kí n dìde kàwé. Mo dìde, mo kà á. Ó ní, "Ẹ wo bàbá kíláàsì. Ó ń kàwé bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún." Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo pinnu níjọ́ náà pé tí wọ́n bá fi mí ṣe olórí ẹnikẹ́ni láyé, mi ò ní dójú tì í.

Mo pa ìpinnu náà mọ́. Àmọ́ nǹkan kan wà tó ń yà mí lẹ́nu. Tíṣà yẹn kan náà ló máa ń jókòó tì mí tí àwọn yòókù bá ti lọ sílé. Ó máa ń fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún mi, títí mo fi mọ̀wé kà. Ẹ̀gún yẹn ni mo rántí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Àìpẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí ìka rẹ̀. Kí ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀?

Ìyàwó mi nìkan ni ìwà pẹ̀lẹ́ mi kì í fi gbogbo ìgbà dùn mọ́. Tó bá se ọbẹ̀ tó bi mí bó ṣe rí, mo máa ní, "Ó dáa." Ó ní oríṣi "ó dáa" mẹ́ta ló wà lẹ́nu mi. Ọ̀kan ni pé ọbẹ̀ dáa. Ìkejì ni pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ìkẹta ni pé mo máa yà ra ẹ̀wà jẹ lójú ọ̀nà. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, á ní, "Bàbá Tóyìn, èwo ni tòní?" Mo máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mò ń lọ yí ká. Mo ti fẹ́ dé ibẹ̀.

Ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń jẹ́ Káyọ̀dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó nígbà yẹn. Kì í pẹ́ lẹ́yìn, kì í jalè, kì í sì í sọ pé ó rẹ òun. Ohun tó ń ṣe é ni pé kò lè fi nǹkan sílẹ̀ láìwò. Tó bá po ìyẹ̀fun tán, kò ní jẹ́ kó wú tó kó tó máa gé e. Tó bá wà ní ìdí ààrò, á ṣílẹ̀kùn wo búrẹ́dì kó tó jinná. Atẹ́gùn á wọlé, àárín búrẹ́dì á jìn bí ìrọ̀rí tí èèyàn jókòó lé.

Màmá Bọ́lá máa ń pariwo mọ́ ọn. "Káyọ̀dé, pa ilẹ̀kùn dé. Ṣé ìyàwó lo fi síbẹ̀ tí o fi ń yọjú sí i?" A máa ń gbọ́ ọ dé ìta.

Èmi ńkọ́? Tó bá ti yíjú kúrò, mo máa lọ tún ìyẹ̀fun tó pò ṣe. Tó bá wá béèrè pé, "Bàbá, báwo ni mo ṣe ń ṣe sí?" mo máa ní, "O ń gbìyànjú, Káyọ̀dé." Ojú rẹ̀ á sì tàn. Kò mọ̀ pé mò ń tún iṣẹ́ òun ṣe. Mi ò sọ fún un rí, títí di òní.

Tí ọdún bá ń parí lọ, Màdáámù tó ni ilé búrẹ́dì máa ń pe èmi àti Màmá Bọ́lá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kì í ní kí a kọ nǹkan kan. Á kàn dárúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, á ní kí a sọ bó ṣe ń ṣe sí. Màdáámù pẹ́ nílùú òyìnbó kó tó padà wálé. Ó ń sọ Yorùbá dáadáa, àmọ́ etí tó fi ń gbọ́ ọ ti yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀.

Ní ọdún tí Káyọ̀dé kọ́kọ́ lò lọ́dọ̀ wa, nígbà tí wọ́n kan orúkọ rẹ̀, mo ní, "Ó ń gbìyànjú, mà." Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Tí a bá rí ẹni tó ń kọ́lé, a ó ní ó ń gbìyànjú. Tí obìnrin kan bá ń dá tọ́ ọmọ, a ó ní ó ń gbìyànjú. Ìyìn ni, àdúrà sì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí Màmá Bọ́lá ti jáde, Màdáámù pè mí padà. Ó ní, "Bàbá Tóyìn, ní tèmi o, ẹni tó bá ṣì ń gbìyànjú, kò tíì lè ṣe é nìyẹn. Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," torí mi ò kì í bá ọ̀gá jiyàn.

Mo ronú lé e lọ sílé. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Mo sọ ohun tó dáa nípa ọmọkùnrin náà, etí Màdáámù sì gbọ́ ohun tí kò dáa, ohun tí kò dáa ọ̀hún sì ni òótọ́ tí mi ò fẹ́ fi ẹnu mi sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà, ó jẹ́ oyin lẹ́nu mi, ó di ewúro létí rẹ̀. Mo fi í sọ́kàn.

Ìgbà tí ọdún kejì máa fi parí, ìyẹ̀fun ti gbówó lórí. Màdáámù sọ fún wa kí a tó jókòó pé ẹnì kan máa ní láti lọ. Nígbà yẹn, ó ti sú mi láti máa tún iṣẹ́ Káyọ̀dé ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo lè pè é kí n sọ fún un pé, "Jẹ́ kó wú kí o tó gé e." Ọ̀rọ̀ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè sọ ọ́. Mo máa ń la ẹnu láti sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ kíláàsì yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Wọ́n dárúkọ Káyọ̀dé. Màmá Bọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ẹ̀ ò ní sùúrù, mà. Ó ń ṣí ààrò bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Búrẹ́dì tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún yìí, ó pọ̀."

Màdáámù mi orí.

Màmá Bọ́lá wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má lé e o. Ẹni tó ń wo nǹkan báyẹn, tó bá fi lè kọ́ sùúrù, kò sí ẹni tó máa mọ ààrò jù ú lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi di Ọdún Àjíǹde. Tí kò bá yí padà, ẹ lé àwa méjèèjì."

Màdáámù rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Bàbá Tóyìn, ẹ̀yin ńkọ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ó ku ẹnu tèmi. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà máa ṣe tó bá dé etí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, bí ìgbà tí mò ń kí èèyàn. Mo ní, "Ó ń gbìyànjú, mà."

"Ó ṣì ń gbìyànjú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní, "Ó ti yé mi."

Nígbà tí a jáde, Màmá Bọ́lá fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Tóyìn. Ẹ bá mi ti ọmọ yẹn lẹ́yìn." Etí tiwa ni òun fi gbọ́ ọ. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Káyọ̀dé tún ṣí ààrò. Màmá Bọ́lá pariwo lójú gbogbo èèyàn pé tó bá tún ṣí i, òun máa ní kí wọ́n lé e. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fún un níwèé pé kó máa lọ.

Ẹ̀yin náà lè rí bí ó ṣe máa rí lójú àwọn èèyàn. Káyọ̀dé lọ dúró níwájú Màmá Bọ́lá. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ ní kí n pa ilẹ̀kùn dé, ẹ ti wá bá mi pa á dé." Ọkùnrin náà wá sọ́dọ̀ mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀. Ó ní èmi nìkan ni mo ṣe òun bí ọmọ níbẹ̀. Mo ní, "Ọlọ́run á ṣí ilẹ̀kùn míì." Mo bá a gbọn ìyẹ̀fun kúrò láyà rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá Bọ́lá bi mí pé, "Ṣé ẹnu mi yìí ló lé e, Bàbá Tóyìn? Ṣé mi ò bá ti má sọ ti búrẹ́dì tó bàjẹ́ yẹn?"

Mo ní, "Ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀." Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Láti ìgbà náà ni obìnrin náà ti dákẹ́. Tí búrẹ́dì bá jóná, á rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ta ló bí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ó ti di àtúnbí, inú wọn sì dùn. Àmọ́ àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn Káyọ̀dé, kò sí èyí tó mọ ààrò nínú wọn. Màdáámù máa ń bi wá pé kí ló dé tí búrẹ́dì wa ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo máa ń wo ilẹ̀.

Ọdún ti yí lu ọdún. Ìyàwó mi ti kú. Mo ti kúrò níbi iṣẹ́. Káyọ̀dé lọ sí ìlú Oǹdó, ó bá àwọn kan ṣiṣẹ́, ó sì ti dá ilé búrẹ́dì tirẹ̀ sílẹ̀. Tí oṣù bá ń parí, ó máa ń wá kí mi ní Àkúrẹ́. Á gbé búrẹ́dì wá, á jókòó, á máa sọ̀rọ̀ títí. Tóyìn wà lọ́nà jíjìn, orí fóònù la ti ń ríra. Àwọn ọjọ́ míì wà tó jẹ́ pé ohùn Káyọ̀dé nìkan ni ohùn tó ń dún nínú ilé mi yàtọ̀ sí ti rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí tí ẹ bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́.

Màmá Bọ́lá náà ti fiṣẹ́ sílẹ̀, orúnkún ń dùn ún. Ó ní ìsọ̀ kékeré kan ní Ọ̀bà-Ilé. Ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ó gbọ́ pé búrẹ́dì Káyọ̀dé ń tà, ó bá bẹ̀ mí kí n bá òun sọ fún un kó máa já búrẹ́dì sí ìsọ̀ òun. Ó ní òun mọ̀ pé tí òun bá ní búrẹ́dì yẹn, àwọn èèyàn á máa yà.

Mo sọ fún Káyọ̀dé. Ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Bàbá, kò sí ohun tí ẹ máa ní kí n ṣe tí mi ò ní ṣe. Ẹ má fi tìyẹn lọ̀ mí."

Nígbà tí mo lọ jíṣẹ́ fún Màmá Bọ́lá, kò bínú. Ó ń nu orí tábìlì rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ó tọ́ sí mi." Gbólóhùn yẹn ò jẹ́ kí n lè jẹun dáadáa mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Káyọ̀dé ní kí n wá sí Oǹdó. Ó ní òun fẹ́ kí n máa wá bá òun wo àwọn òṣìṣẹ́, kí n máa sọ bí oníkálukú ṣe ń ṣe sí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìfi ọgbẹ́ sí i lára."

Mo lọ. Ó mú mi dé ìdí ààrò. Ààrò onígíláàsì ló rà, èèyàn lè dúró síta kó máa wo búrẹ́dì láìṣí ilẹ̀kùn. Ó ń fọwọ́ pa gíláàsì náà bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fúnkẹ́. Mo wo iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìsàlẹ̀ búrẹ́dì rẹ̀ ń dúdú, kò sì mọ̀, torí kì í yí i wò. Káyọ̀dé bi mí lójú rẹ̀ pé, "Bàbá, báwo ni ti Fúnkẹ́?"

Kí n tó ronú, mo ti ní, "Ó ń gbìyànjú."

Inú Fúnkẹ́ dùn, ó kúnlẹ̀. Káyọ̀dé ní, "Ṣé o gbọ́? Bàbá kì í yin èèyàn lásán."

Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, mi ò tiẹ̀ wá a kó tó jáde. Mo bá ara mi sọ ọ́ pé, kí ni nǹkan yìí? Ṣé àánú ni, àbí ìbẹ̀rù? Ta ni mò ń dáàbò bò tí mo bá ń sọ ọ́?

Nígbà tí Káyọ̀dé lọ dá ẹnì kan lóhùn níta, mo sún mọ́ ọmọbìnrin náà. Àyà mi ń já bí ìgbà tí wọ́n ní kí n dìde kàwé. Mo ní, "Fúnkẹ́, ìsàlẹ̀ búrẹ́dì rẹ ń jóná. Gbé e jìnnà síná díẹ̀."

Ó yí ọ̀kan dé, ó wò ó. Ó ní, "Háà, òótọ́ ni, sà. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti rí i?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé."

"Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?"

Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ti ń sún páànù rẹ̀ sẹ́yìn kí n tó kúrò níbẹ̀.

Káyọ̀dé sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ ọkọ̀. Ó ní kí ni mò ń sọ fún Fúnkẹ́. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ti ń jọ Màmá ọ̀hún." Ó tún ní, "Ẹ mọ̀ pé mo ṣì ń gbọ́ ohùn ẹ̀? Tọ́wọ́ mi bá ti kan ilẹ̀kùn ààrò, 'Káyọ̀dé, pa ilẹ̀kùn dé.' Òun ló jẹ́ kí n ra onígíláàsì yẹn."

Mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ kún, wọ́n ní kí n wọlé. Mo wọlé.

Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń fi gbólóhùn náà kọ́ra nínú yàrá. "Káyọ̀dé, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n lé ọ. Màmá Bọ́lá bẹ̀bẹ̀ fún ọ." Ó yà mí lẹ́nu pé kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi gbé e mì, mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún nínú àwọn méjèèjì? Ṣé Màmá Bọ́lá ni, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu òun ló lé e, kó yé sọ pé ó tọ́ sí òun? Àbí Káyọ̀dé, tó lè sọ pé òun ò ní ẹsẹ̀ tí òun máa fi wọ ilé mi mọ́? Oṣù ń parí lọ. Ó máa tó dé pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀.

Màmá Bọ́lá, tí wọ́n bá ka èyí sí yín létí, ẹ máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Kò tọ́ sí yín.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fèsì fún mi. Ẹ má wo ọjọ́ orí mi, ẹ má wò ó pé opó ọkùnrin ni mí. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí lójú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé mò ń gbìyànjú.